Ọjọ́ Tí Mo Yí Títì Kọjú sí Gábàsì

Kọ̀ǹpútà àtijọ́ a máa kùn bí eṣinṣin tó há sínú agolo. Mo gbọ́ irú ìró yẹn lánàá ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Bouaké, ọkàn mi sì padà sí Koko, àdúgbò wa, ní àwọn ọdún tí owó ṣọ̀wọ́n, tí wọ́n ń bi gbogbo ènìyàn pé ta ni ọmọ onílẹ̀ gan-an.

Ọ̀dọ́ ni mí nígbà náà, mò ń kọ́ bí a ti ń ya àwòrán ilé. Ilé-kéú ló kọ́kọ́ kọ́ mi bí a ti ń di kálámù mú, Alihamudulilahi. Òrùlé rẹ̀ ti ń jò, òjò a máa rin wàláà wa. Àwọn bàbá wa, oníṣòwò ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó wá tẹ̀dó sí Bouaké, fẹ́ tún un kọ́, ṣùgbọ́n àwọn aláṣẹ ìlú ní àfi kí àwọn kọ́kọ́ rí àwòrán.

Bàbá Alfa tó ń kọ́ wa ní kéú ní, “Ìwọ lo mọ̀ ọ́n yà. Kó kọjú sí gábàsì tí a ń kọjú sí kírun o!”

Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni gbogbo kíláàsì wa ń lò. Mo ya ilé náà bí títì ṣe lọ, ó wá ku kí n yí i. Kọ̀ǹpútà a máa béèrè ohun tí o fẹ́ yí, igun tí yóò dúró lé, àti bí yóò ṣe yí tó. Gábàsì nìkan ló wà lọ́kàn mi. Mo mú gbogbo ohun tó wà lójú rẹ̀, mo yí i. Ilé yí, títì yí, ògiri aládùúgbò yí, títí kan igi máńgòrò ìta.

Adjoua, ọ̀rẹ́ mi, ọmọ ẹ̀yà Baoulé tó ni ilẹ̀ náà, pariwo: “Ẹ wá wò ó! Títì ti gba Ìsìláàmù!”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, àfi ọ̀gá tó ń kọ́ wa. Ó fi orúkọ tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀ pè wá: “Ẹ̀yin Anago, ṣé ìlú wa lẹ fẹ́ yí síbi tó wù yín? Lọ yà á ní ìlú baba rẹ.” Ó nawọ́ kó pa ẹ̀rọ náà, bẹ́ẹ̀ ni n kò tíì fi iṣẹ́ mi pamọ́.

Adjoua fi ara dí bọ́tìnnì. “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó parí.”

Mo ní, “Koko ni wọ́n bí mi sí, ọ̀gá. Ìlú yóò dúró síbi tó wà, èmi náà yóò dúró síbi tí mo wà. Ilé nìkan ni mo fẹ́ yí.”

Mo dá gbogbo rẹ̀ padà sí bó ti wà. Mo mú ilé nìkan, mo fi í dúró lé igun tó kan ògiri aládùúgbò, mo rọra yí i títí ó fi kọjú síbi tí Bàbá Alfa máa ń na ọ̀pá rẹ̀ sí. Ọ̀gá fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, mo sì fi iṣẹ́ mi pamọ́.

Àwọn aláṣẹ gba àwòrán náà, àwọn bàbá wa sì fi í tún ilé-kéú kọ́. Ogun dé lẹ́yìn náà. Adjoua bá ẹbí rẹ̀ lọ sí ìlú Botro, a kò ríra mọ́. Mo ṣì ń ṣe àdúà fún un. Lónìí, ìka lásán lẹ̀yin ọmọdé fi ń yí ilé lójú fóònù, wọ́n sì ṣì ń bi wá pé níbo la ti wá. Ẹ wá sí Koko láàárọ̀, ẹ ó gbọ́ àwọn ọmọ tó ń ké Àlùkùránì. Ilé náà kò bá títì dọ́gba. Bẹ́ẹ̀ la ṣe fẹ́ ẹ, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì wà, pẹ̀lú àṣẹ Ọlọ́run.