Wọ́n Ní N Kò Gbọdọ̀ Mọ Sàréè Ọmọ Mi

Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi wa takisí láti Ìkàrẹ́ sí Ọ̀kà. Kò sí kọ́ọ̀nà kan lójú ọ̀nà olókè yẹn tí n kò mọ̀. Ibẹ̀ náà ni mo ti kọ́ ọmọ mi ọkùnrin ní mọ́tò wíwà, láì mọ̀ pé ẹni tí yóò máa fi mọ́tò sáré ìje jẹun ni mò ń kọ́. Iṣẹ́ wo nìyẹn? Èèyàn á wa ọkọ̀ yí pápá ká bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú, á tún padà síbi tó ti gbéra!

Bó bá ku ọ̀la kí wọ́n sáré, á pè mí lórí fóònù.

"Bàbá mi, ẹ gbàdúrà fún mi o."

"Ta ló ń lé ọ?"

"Àwọn tó wà lẹ́yìn mi ni, Bàbá."

Á bú sẹ́rìn-ín. Inú á bí mi, màá sì gbàdúrà náà.

Ó kọ́kọ́ dá lápá. Lẹ́yìn náà ẹ́ńjìnnì gbiná, ó jó o lẹ́sẹ̀. Mo ní kó wálé wá máa wa takisí, ó ní tèmi ló léwu jù: akoto wà lórí òun, bẹ́líìtì dè òun mọ́ ìjókòó, ewúrẹ́ kan kì í sì í sọdá níbi tí àwọn ti ń sáré.  Lọ́dún tó kọjá, taya bẹ́ lórí eré, ọkọ̀ takìtì lẹ́ẹ̀mẹta. Pẹ̀lú akoto náà ló kú.

Wọ́n gbé òkú rẹ̀ wá sílé wa ní Ọ̀kà. Èmi, wọ́n fi mí pamọ́ sílé àbúrò mi obìnrin ní Ìkàrẹ́, wọ́n ní òbí kì í mọ sàréè ọmọ rẹ̀. Oṣù mẹ́ta gbáko! Àwọn tó ń wá bá mi dárò ń bi mí bóyá lóòótọ́ ni mọ́tò náà kò ní ìjókòó ẹ̀yìn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo gun ọ̀kadà lọ sí Ọ̀kà láì dágbére. Àbúrò mi ọkùnrin, tó ṣáájú àwọn tó sin ọmọ mi, ń jẹ iṣu lọ́wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n! Ta ló gbé yín wá?"

"Ọlọ́kadà. Níbo lẹ sin ọmọ mi sí?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ mọ̀ pé èèwọ̀ ni."

"Àwọn tó ń lọ oko ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́. Èmi tí mo bí i nìkan ni n kò mọ ibẹ̀!"

 Ó fọ ọwọ́, ó mú àdá.

"N kò ní fi hàn yín o. Koríko kan ni mo fẹ́ lọ ṣán lẹ́yìn ilé. Bí ẹnikẹ́ni bá ń tẹ̀lé mi, ìpàkọ́ mi ò ríran."

Mo tẹ̀lé e. Ó ṣán koríko náà títí ó fi ń ṣán ilẹ̀ lásán, kò bojú wẹ̀yìn. Mo jókòó ti símẹ́ńtì tí wọ́n fi bo sàréè náà. Inú ń bí mi sí mọ́tò, ó ń bí mi sí taya, ó ń bí mi sí ọmọ náà gan-an tí kì í gbọ́ràn. Mo bá a wí títí ohùn mi fi há. Kò sẹ́ni tó ní kí n dìde.