Ohùn Tí Bàbá Rei Ń Dúró Dè

Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni Bàbá Rei fi ṣiṣẹ́ wẹ́dà ní èbúté Port Moresby. Iná wẹ́dà bẹ̀rẹ̀ sí í ba ojú wọn jẹ́, àtọ̀gbẹ parí rẹ̀. Láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, etí ni wọ́n fi ń mọ Hanuabada, abúlé wa tí wọ́n kọ́ sórí òpó nínú òkun. Wọ́n ń mọ ẹni tó ń bọ̀ láti inú ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí afárá pákó, wọ́n sì ń mọ bí òkun ṣe ga tó lábẹ́ ilé.

Nígbà tí ọkọ̀ ojú omi dojú dé pẹ̀lú Lohia, ọmọkùnrin wọn kan ṣoṣo, ohùn ọmọ náà ni Bàbá ń wá. Fọ́tò wà lára ògiri, kò wúlò fún wọn. Fóònù tí ohùn Lohia wà nínú rẹ̀ bá a rì.

Fíìmù ló kù. Oṣù méjì kí Lohia tó kú, ó bá àwọn ọ̀dọ́ kan ṣe fíìmù apanilẹ́rìn-ín nípa àwọn raskol, àwọn jàǹdùkú ìgboro wa. Òun ló ń ṣe ẹni tó ń ṣọ́nà fún wọn, tí oorun kì í jẹ́ kó ṣọ́ nǹkan kan. Ó ju ọdún kan lọ kí fíìmù náà tó jáde. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni Bàbá ń bi Hebou, ọmọbìnrin wọn.

"Ṣé wọ́n ti parí rẹ̀?"

"Ó kù díẹ̀, Bàbá."

Ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi kan, lẹ́yìn ìsìn, Hebou mú un dé nínú fláàṣì. A jókòó sórí ẹní. Bàbá ní kí wọ́n gbé àga àwọn sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n, títí orúnkún wọn fi kàn án.

"Rei, ṣé o fẹ́ wọnú ẹ̀ ni?" Ìyá mi, Geua, ẹ̀gbọ́n Bàbá, ló bi wọ́n.

"Tí wọ́n bá ń wá raskol kún un, mo ti dé."

"Olè afọ́jú! Ọgbà ẹ̀wọ̀n lo máa fọ́ wọ̀."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Fíìmù bẹ̀rẹ̀. Àwọn raskol jí mọ́tò kan, kò sì sí ẹnì kan nínú wọn tó mọ̀ ọ́n wà. Wọ́n ń tì í lọ lójú títì. Ọlọ́pàá méjì bá wọn tì í, wọ́n ṣe bí ó bà jẹ́ ni. Àwọn ọmọ Hebou ń yí nílẹ̀. Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń dúró.

Lohia jáde. Ó jókòó sábẹ́ igi, ó ti sùn, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀.

"Òun rèé, Bàbá," ni Hebou wí.

Ọlọ́pàá jí i, ó bi í pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dà.

"Mo mọ̀ rárá," ni ohùn kan dáhùn.

Kì í ṣe ohùn Lohia. Bí àlejò ṣe ń sọ èdè wa ló ṣe sọ ọ́, èdè àdàlù tí àwọn ọlọ́pàá àti àwọn ará òkè ń sọ, tí wọ́n ń fi "rárá" sí ìparí ọ̀rọ̀. Ọmọ Hanuabada kì í sọ bẹ́ẹ̀. "Rárá" ló ń ṣáájú lẹ́nu tiwa.

Lẹ́yìn náà ni a gbọ́ pé afẹ́fẹ́ ba ohùn tí wọ́n gbà níta jẹ́. Nígbà tí wọ́n máa fi wọ yàrá ìgbohùnsílẹ̀ lọ gba òmíràn, Lohia ti wà nínú ilẹ̀.

"Ta nìyẹn?" ni Bàbá bi.

Hebou wo ìyá mi. Ìyá mi wo ẹní.

"Lohia ni, Bàbá."

"Hebou."

"Bàbá."

"Ta ni?"

"Ojú ẹ̀ ni, Bàbá. Ohùn ẹlòmíì ni."

Bàbá fi ọwọ́ kan tẹlifíṣọ̀n.

"Pa ohùn yẹn."

Hebou pa á. Omi ń lu òpó lábẹ́ wa.

"Dá a padà síbi tó ti ń sùn. Kí ló ń ṣe?"

"Ó ń sùn. Eṣinṣin bà lé e nímú, kò tiẹ̀ mọ̀."

"Ó wọ bàtà?"

"Kò wọ̀ ọ́. Ṣẹ́ẹ̀tì yín ló wọ̀, èyí tí iná jó lápá."

"Mo wá ṣẹ́ẹ̀tì yẹn títí."

"Ó ti jí. Ó ń nu itọ́. Ó ń sọ̀rọ̀ báyìí."

"Kí ló sọ?"

Hebou sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Ẹ̀ẹ̀mejì ló dá a padà, ó ń wo ètè ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó sọ ọ́, ó fa ọ̀rọ̀ náà bí ẹni tí oorun kò tíì dá lójú rẹ̀:

"Rárá o. Mi ò mọ̀."

Ọwọ́ Bàbá wá orí Hebou títí tó fi bà lé e.

"Ohùn tìrẹ nìyẹn, Hebou," ni wọ́n wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Wọ́n ní kó ṣí ohùn padà fún àwọn ọmọ. Lohia kò tún jáde mọ́ nínú fíìmù náà, ṣùgbọ́n Bàbá kọjú sí i títí ó fi parí. Nígbà tí Hebou ń yọ fláàṣì, wọ́n bi í pé:

"Ẹni tó yá a lóhùn yẹn, ó wà láàyè?"

"Ó wà, Bàbá."

"Ó dáa," ni wọ́n wí.