Àtẹ Àkàrà Tí Wọ́n Gbé Kúrò Lẹ́yìn Òpó

Ìwé díẹ̀ ni mo kà, mi ò sì mọ bọ́ọ̀lù í gbá, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó já sínú àtẹ mi lọ́jọ́ náà. Mo sì mọ ibi tí àtẹ náà wà nígbà tó já sí i. Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé obìnrin ò mọ bọ́ọ̀lù, kó máa sọ ọ́ lọ.

Sabon Zongo ní Accra ni wọ́n bí mi sí. Ilẹ̀ Yorùbá ni àwọn òbí wa ti wá. Àwa ọmọ, Accra la lajú sí. Láwọn ọdún tí Ghana ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira, kò sí àdúgbò tí kò ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tirẹ̀. Àwa náà ní. Ọmọ Yorùbá ló pọ̀ jù nínú ẹgbẹ́ wa, nítorí náà Alata ni wọ́n ń pè é, bí wọ́n ṣe ń pe gbogbo Yorùbá níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ń gba iwájú fún wọn. Iṣẹ́ alárùú ló ń ṣe. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń já iṣu sílẹ̀ nínú àwọn ọkọ̀ ẹrù tó ń ti ìhà àríwá bọ̀, èjìká rẹ̀ sì ti le bí àtẹ́lẹsẹ̀.

Ní àdúgbò wa, obìnrin kì í dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá láàárín àwọn ọkùnrin. Ẹ̀yìn òpó góòlù ni ààyè tiwa, pẹ̀lú ohun tí kálukú bá ń tà. Òpó náà kò ní àwọ̀n, igi méjì lásán ni, okùn kan ni wọ́n ta mọ́ wọn lórí. Ibẹ̀ tẹ́ mi lọ́rùn. Onítìjú ni mí. Bí àlejò bá kí mi, ẹsẹ̀ mi ni mo máa ń wò kí n tó dáhùn. Lẹ́yìn òpó, bọ́ọ̀lù ni gbogbo ojú ń wò, kò sí ẹni tó ń wò mí.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, àwọn àdúgbò kejì, àwọn ọmọ onílẹ̀, ló wá bá wa gbá a. Aṣọ́lé wọn lókìkí. Àwọn obìnrin tó ń tajà máa ń sọ pé kò sí ibi tí ọjà ti láàbò tó ẹ̀yìn ọkùnrin náà, nítorí bọ́ọ̀lù kì í kọjá rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé àtẹ àkàrà mi kalẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀, ní àárín òpó méjèèjì gan-an, tí mo gbé abọ́ ata sí orí rẹ̀.

Fọ́mánù kan, ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́, wá wòran láti Tema, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ èbúté tuntun nígbà náà. Ilé iṣẹ́ wọn ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù. Ẹni tí wọ́n bá mú sínú rẹ̀, wọ́n á fún un níṣẹ́ olóṣù, wọ́n á sì fún un ní yàrá. Ó ti sọ fún àwọn àgbà pé ẹnì kan ṣoṣo ni ààyè ṣí sílẹ̀ fún, inú ẹgbẹ́ tó bá borí lòun yóò sì ti mú un. Kí ẹ̀gbọ́n mi tó wọ pápá, ó yà sọ́dọ̀ mi, ó mú àkàrà kan.

Ó ní, "Àbúrò, bí iṣẹ́ yìí bá bọ́ sí i, mo sọ iṣu kalẹ̀ títí ayé nìyẹn. Èmi àti iṣu, àfi nínú abọ́."

Mo ní, "Sanwó àkàrà ná."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sá lọ.

Wọ́n gbá a títí oòrùn fi rọ̀, kò sí ẹni tó gbá a wọlé. Ìgbà tó yá, ẹ̀gbọ́n mi gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ ẹnì kan, ó yà sọ́tùn-ún, ó yà sósì, ó sì ta á nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Aṣọ́lé fò lọ sí ibòmíràn. Bọ́ọ̀lù gba àárín òpó méjèèjì kọjá, ó já sínú àtẹ mi. Àkàrà fọ́n ká, ata ta sí mi lójú. Èmi tí kì í pariwo, mo pariwo.

Àwọn ènìyàn wa ya wọ pápá, wọ́n gbé ẹ̀gbọ́n mi sókè. Èrò ń tì síhìn-ín, wọ́n ń tì sọ́hùn-ún. Bí mo ti ń nu ojú, àwọn ọkùnrin méjì láti àdúgbò kejì dé ọ̀dọ̀ mi. Ọ̀kan fi èdè Twi sọ fún mi pé, "Arábìnrin, jẹ́ ká bá ọ gbé e, kí wọ́n má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀." Wọ́n gbé àtẹ, wọ́n rọra sọ̀ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo tilẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ohun tó ń dùn mí títí di òní nìyẹn, ọpẹ́ tí mo dá wọn yẹn.

Rẹfirí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sáré bọ̀ láti ọ̀ọ́kán ni. Àwọn àlejò ló mú un wá, nítorí àṣà wa ni pé ẹni tó ni pápá kì í tún mú rẹfirí. Ó bi aṣọ́lé pé, "Ó wọlé?"

Aṣọ́lé gbọn iyanrìn ara rẹ̀ nù. "Wọlé kẹ̀? Ìta ló gbà. Ṣé o ò rí àtẹ Alata yẹn? Inú rẹ̀ ló já sí. Ṣé ẹ̀yìn góòlù nìyẹn?"

Rẹfirí wò ó. Mo wò ó pẹ̀lú. Àtẹ mi wà ní òde òpó, wọ́n tilẹ̀ ti to àkàrà tó kù sínú rẹ̀ dáadáa. Ó fun fèrè, ó ní kò wọlé.

Ara mi gbóná bí agbada. Mi ò mọ ìgbà tí ẹsẹ̀ mi gbé mi dé iwájú rẹfirí náà. Mo ní, "Wọ́n gbé e ni! Àárín ló wà. Àwọn méjì yẹn ló gbé e!"

"Alata, ta ló bi ọ́?" Ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ló sọ bẹ́ẹ̀, èyí tí mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Lọ máa dín àkàrà rẹ."

Ìyá kan tó ń ta omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi na ọwọ́. "Rẹfirí, wo ewúrẹ́ yẹn!" Ewúrẹ́ kan dúró ní àárín òpó méjèèjì, ó ń jẹ àfọ́kù àkàrà, ata ń ta á, ó ń sín. "Bí àtẹ bá wà lóde, ta ló gbé àkàrà fún ewúrẹ́ níbẹ̀? Ṣé ẹ̀yin lẹ ṣe é lálejò ni?"

Rẹfirí ní, "Mi ò gba ẹ̀rí ewúrẹ́."

Gbogbo pápá bú sẹ́rìn-ín, àwọn tiwa náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló pa wá. Ẹni tó ti ń rẹ́rìn-ín kò lè bínú mọ́.

Bàbá tó jẹ́ olórí àwọn Yorùbá àdúgbò wa gbé ọwọ́ sókè. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa gbá bọ́ọ̀lù wọn lọ. Àjòjì kì í bá onílé jà nílé rẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Bàbá, ibí ni wọ́n bí mi sí."

"Òótọ́ ni, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ṣé nítorí kí o lè máa borí ni wọ́n ṣe bí ọ síbí?"

Ẹ̀gbọ́n mi tẹrí ba fún un, torí àgbà ni bàbá náà. Ṣùgbọ́n mo rí ojú rẹ̀. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀, ọkàn àwọn tiwa ti kúrò níbẹ̀, àwọn àlejò sì gbá ẹyọ kan wọlé. Wọ́n borí. Fọ́mánù mú ènìyàn kan lọ sí Tema lóòótọ́. Aṣọ́lé ló mú, ẹni tí bọ́ọ̀lù kọjá lára rẹ̀, tó mọ̀, tó sì purọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹ̀gbọ́n mi yá ṣẹ́ẹ̀tì funfun lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Tema láti bá fọ́mánù sọ̀rọ̀. Nígbà tó padà dé, ó jókòó sórí àpótí, ó ń rẹ́rìn-ín.

Mo bi í pé, "Kí ló wí?"

"Ó ní òun rí i. Ó ní góòlù ni, àti pé èmi ni mo mọ̀ ọ́n gbá jù lọ́jọ́ náà."

"Kí ló dé tí kò sọ ọ́ nígbà náà?"

"Ó ní òun kọ́ ni rẹfirí."

Rẹfirí ń gbèjà àwọn tó mú un wá. Àwọn tó gbé àtẹ fẹ́ kí àdúgbò wọn borí. Ìwọ̀nyí burú, ṣùgbọ́n ó yé mi. Ta ló di ọkùnrin yìí lẹ́nu? Ó wọ bàtà, ó ní iṣẹ́ lọ́wọ́ tó lè fún ènìyàn, gbogbo pápá ni ì bá dákẹ́ bó bá la ẹnu. Èmi tí mi ò lè wo ojú àlejò, mo sọ èyí tí mo rí. Òun rí i, ó gbé e pamọ́ sínú, ó gbé òpùrọ́ lọ fún iṣẹ́ ẹni ẹlẹ́ni.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Àbúrò, fi sílẹ̀. Ó ti kọjá."

Mo ní, "Kò kọjá."

Ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì náà, ó ká a, ó fi lé mi lọ́wọ́ pé kí n fọ̀ ọ́ kí ó tó dá a padà fún ẹni tó ni ín. Wọ́n ti ń pè é lóde; ọkọ̀ iṣu ti dé. Ó wá aṣọ tó máa ń fi sí èjìká, ó sì jáde.