Faransé Sìsì Bọ́tìnnì

Sìsì Bọ́tìnnì là ń pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, nítorí pé bọ́tìnnì tó bá rán mọ́ aṣọ, aṣọ á gbó tán kó tó já. Aránṣọ ni. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ojú rẹ̀ mú, ṣùgbọ́n olórí kunkun ni, kò sí irú ẹ̀. Ojú mi rí màbo lọ́sẹ̀ mẹ́rin tí mo fi kọ́ ọ ní Faransé.

Ọmọ-ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ló fà á. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni, ìlú òyìnbó ni wọ́n bí i sí, Faransé nìkan ló gbọ́, inú fọ́tò nìkan ni ẹ̀gbọ́n mi sì ti rí i. Ìsinmi ń bọ̀, àwọn òbí rẹ̀ ní kó fẹnu ara rẹ̀ yan ìyá àgbà tó fẹ́ lọ lò ó lọ́dọ̀ rẹ̀: ẹ̀gbọ́n mi ni o, tàbí ìyá bàbá rẹ̀ tó ń gbé létí òkun. Wọ́n á máa pè wá lọ́sàn-án Sọ́ńdè fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí ọmọ àti ẹ̀gbọ́n mi jọ sọ̀rọ̀ ìrìn àjò náà, ọmọ á sì dáhùn ní Sọ́ńdè kẹrin. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni, torí ọmọ á lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́.

Èmi ti fọ aṣọ ní hòtẹ́ẹ̀lì fún ọdún mọ́kànlá pẹ̀lú àwọn tó ń sọ Faransé, mo mọ èyí tí wọ́n fi ń tàkúrọ̀sọ. Mo kọ ọ́ sórí pépà tó fi ń gé àwòṣe, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níwájú ẹ̀rọ ìránṣọ. "Tu viens?" Ṣé ò ń bọ̀? "On va à la rivière." A máa lọ sódò. "Tu dors chez moi." Ọ̀dọ̀ mi lo máa sùn. Mo fi ìkíni díẹ̀ kún un, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó sì mọ̀ ọ́n sórí dáadáa.

Sọ́ńdè àkọ́kọ́, fóònù dún. "Ça va?" Ọmọ ní dáadáa ni. Ẹ̀gbọ́n mi béèrè ìyá rẹ̀. Ó béèrè bàbá rẹ̀. Ó béèrè iléèwé, tíṣà, òtútù, ará ilé kejì. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá pé, ọmọ sá lọ sínú omi.

"Sìsì mi, odò ńkọ́?"

"Ṣé kí n kàn já lu ọmọ ọlọ́mọ láìkí i ni? Ṣé ẹranko ni mí?"

"Ọmọ ọlọ́mọ kẹ̀? Ọmọ yín ni!"

"Ìyẹn gan-an ló ṣe yẹ kí n kí i dáadáa."

Háà! Ọ̀sẹ̀ kejì, ó ní kí n kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń béèrè àlàáfíà ológbò ilé wọn. Ọ̀sẹ̀ kẹta, ó béèrè orúnkún ìyá àgbà etí òkun. Ẹni tí wọ́n jọ ń du ọmọ ló ń kí o! Inú bí mi débi pé mo jáde lọ dúró lójú títì, mò ń dá sọ̀rọ̀ bíi wèrè.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo bá a níbi tó ti ń rán aṣọ ìsùn kékeré kan. Fọ́tò ló fi díwọ̀n ẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀la ni ọmọ yìí máa dáhùn. Tẹ́ ẹ bá tún kí ológbò, ẹ má pè mí mọ́ láyé yín."

Ó ń tẹ ẹ̀rọ rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kejì, fóònù dún. Ẹ̀gbọ́n mi ò kí ẹnikẹ́ni. "Tu viens?" ló fi bẹ̀rẹ̀.

"Non," ni ọmọ wí. Ó ní ọ̀dọ̀ ìyá àgbà etí òkun lòun ń lọ. Ó ní òun rò pé ìyá àgbà ti ibí ò fẹ́ kóun wá ni, torí títí di òní, kò fìgbà kan bi òun pé ṣé òun ń bọ̀.

Mo yanu láti túmọ̀ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi gbé ọwọ́ sókè.

"Má wulẹ̀ túmọ̀ ẹ̀," ó ní. "Mo gbọ́ gbogbo ẹ̀."