Òróró Lórí Gíláàsì

Ẹ má bi mí ìdí tí mo fi máa ń pariwo tí gíláàsì bá ti wà nílẹ̀. Ilẹ̀kùn gíláàsì ló pa ọmọ wa obìnrin, nínú fúláàtì tá a gbé ní Hillbrow, ní Johannesburg níbí. Ó ń sáré lọ pàdé bàbá ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ni. Gíláàsì lásán ni, kò sí nǹkan kan lára ẹ̀ tó lè dì í mú, gbogbo ẹ̀ sì ya lu ọmọ náà. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọkọ mi fi iṣẹ́ akáńtì sílẹ̀, tá a kó lọ sí àdúgbò Bertrams, tá a bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ fíìmù mọ́ gíláàsì. Fíìmù yìí, náílọ́ọ̀nù tó nípọn ni, ó ní gọ́ọ̀mù lẹ́yìn. Tí gíláàsì bá fọ́, òun ni kì í jẹ́ kí àfọ́kù já bọ́ lu èèyàn.

Lọ́dún tó kọjá, jẹ́lé-ó-sinmi kan nítòsí wa kó gbogbo gíláàsì fèrèsé wọn tuntun wá kí wọ́n tó kàn án. Ó kún iwájú ilé. Mo sọ fún ọkọ mi pé tí iṣẹ́ yìí bá bàjẹ́, mi ò ní lè gba iwájú ilé ìwé yẹn kọjá mọ́ láyé mi. Iṣẹ́ mìíràn, mo lè fara dà á. Èyí, rárá o. Ìyá míì ò gbọdọ̀ rí ohun tí mo rí.

Tí gíláàsì bá pọ̀ báyẹn, a kì í mú un lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ìrọ̀lẹ́ Fúráìdé la fọ gbogbo wọn, a fi abẹ ha ìdọ̀tí ara wọn, a tò wọ́n ní ìfẹ̀gbẹ́kẹ̀gbẹ́ sórí tábìlì gígùn, a faṣọ bò wọ́n. Omi ò sí ní táàpù lọ́sẹ̀ yẹn, ìṣe Jo'burg náà ni, inú kẹ́ẹ̀gì la ti ń bù ú. Tí ilẹ̀ bá mọ́, a máa wọ́n omi ọṣẹ sí gbogbo ìlà yẹn lẹ́ẹ̀kan náà, a máa tẹ́ fíìmù kan ṣoṣo lé wọn lórí bí ẹni tẹ́ ẹní, a máa fi rọ́bà fa omi jáde láti àárín lọ sétí, ká tó wá fi abẹ gé e láàárín gíláàsì kan sí èkejì. Kíá ni.

Bá a ṣe ṣe é ní Sátidé nìyẹn. Nígbà tó dọ̀sán, ọkọ mi gbé ọ̀kan sójú oòrùn, ó ní, "Eish." Ọkùnrin Ìjẹ̀ṣà tó yẹ kó ké "Yéè!" ló ń ké "Eish" o. Mo sáré lọ wò ó. Fíìmù ò mú láàárín. Ó wú sókè, àmì àgbélébùú sì hàn lábẹ́ ẹ̀ kedere. Mo gbé òmíràn, àgbélébùú. Mo tún gbé òmíràn, àgbélébùú náà ni.

Orí mi gbóná. "Ta ló fọwọ́ kan iṣẹ́ mi?"

Ìyá ọkọ mi, tó wá bá wa gbé láti Iléṣà lẹ́yìn ọ̀fọ̀ náà, jókòó ní kọ̀rọ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà. "Èmi ni, ìyàwó mi. Mo jí ní ìdájí, mo fi òróró àdúrà ya gbogbo ẹ̀ sí mímọ́."

"Màámi! Òróró kẹ̀? Lórí gíláàsì tá a ti fọ̀? Gọ́ọ̀mù kì í mú ibi tí òróró bá wà! Ṣé ẹ fẹ́ kó ya lu ọmọ ọlọ́mọ ni?"

Ọkọ mi ní ó tó gẹ́ẹ́. Mi ò dákẹ́. Mo ní àdúrà tó yẹ kó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí ló gbé e dé orí tábìlì mi?

Màámi gbé àwo ẹ̀wà sílẹ̀. "Ẹ̀yin òbí ò dé ibi tí wọ́n sin ín sí. Àṣà wa ni, mi ò bá yín jà. Èmi náà, wọ́n ò fi hàn mí. Níbo lẹ wá fẹ́ kí n dúró sí kí n bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ ọmọ yẹn?"

Mo jókòó tì í. Àánú ẹ̀ ṣe mí, àánú ara mi náà ṣe mí. Màámi ń rọra fọwọ́ pa mí lẹ́yìn. "Ẹni ọmọ sin ló bímọ," ló ń wí. "Àwa wá ńkọ́?"

A bó gbogbo fíìmù yẹn dànù. Mo rọ sípírítì sáṣọ kí n fi nu òróró kúrò, àmọ́ ọwọ́ mi ò lọ. Màámi gba aṣọ náà. "Gbé e wá. Ẹni tó fi sí i ló máa nù ún." Bó ṣe ń nu ọ̀kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ló ń sọ pé, "Ó dàárọ̀, ọmọ mi." Èmi ń ṣàn án tẹ̀ lé e, mi ò wojú ẹ̀.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè a tẹ́ fíìmù tuntun. Ó mú dáadáa. Kí iṣẹ́ tó kúrò nílé wa, a máa ń fi òòlù dán gíláàsì kan tí igun ẹ̀ ti ṣẹ́ wò. Ọkọ mi lù ú. Ó fọ́ wẹ́wẹ́ látòkè délẹ̀, àmọ́ àfọ́kù kankan ò já bọ́. Màámi ò rí irú ẹ̀ rí. Ó sún mọ́ ọn, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ojú tí fíìmù wà, ọwọ́ ẹ̀ pẹ́ níbẹ̀.

"Kó fọ́, kó má já," ló wí. Ó wá bi ọmọ ẹ̀ pé, "Ṣé fíìmù yìí ti wà lọ́jà nígbà yẹn?"

Ọkọ mi gbé òòlù sílẹ̀.

"Ó wà, Màámi."