Ọrùn Ta Ló Le?

Mo rántí àárọ̀ tí ọmọbìnrin mi kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ mi, tí kò tẹrí ba. Orúnkún rẹ̀ balẹ̀, ṣùgbọ́n ọrùn rẹ̀ dúró gbagidi. Ìyá ọkọ mi ní ọmọ náà ti di ọlọ́rùn líle, èmi náà sì bá a wí. Ọmọ náà ní ọrùn ń dun òun. Mo ní irọ́ ni. Nítorí pé ara rẹ̀ gbóná, mo ra oògùn ibà fún un.

Lọ́jọ́ kejì, kò lè wo ìmọ́lẹ̀ mọ́, ó sì ń sọ kántankàntan. Mo gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà, obìnrin kan tí kò tó àbúrò mi lọ́jọ́ orí, fọwọ́ sábẹ́ orí rẹ̀ kí àgbọ̀n rẹ̀ lè kan àyà. Kò kàn án. Ó ní ó jọ yírùnyírùn, pé àfàìmọ̀ kí kòkòrò má ti wọ awọ tó bo ọpọlọ, òun sì fẹ́ fa omi díẹ̀ látinú ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ kó lè dá òun lójú.

Omi ẹ̀yìn kẹ̀? Ní Ìtòkú tí mo ti ń rẹ aró, gbogbo wa la gbọ́ pé ẹni tí wọ́n bá fa omi ẹ̀yìn rẹ̀ kì í rìn mọ́. Ìfura loògùn àgbà, mo sì mu oògùn náà yó. Ta ló fẹ́ ta omi náà fún? Kí ló dé tó ń wo aago? Bàbá ọmọ wà níbi iṣẹ́ ní Ewékorò. Ó ní lórí fóònù pé kí n ṣe ohun tí ojú mi bá rí. Láti ìrun Àìlà títí di ìrun Alásàrí, mi ò fọwọ́ síwèé, mi ò sì jẹ́ kí wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ kankan.

Níkẹyìn, dókítà béèrè iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Mo ní aláró ni mí.

“Mà, ẹ dúró tì mí,” ló wí. “Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa wo omi náà. Èyí tó dáa máa ń mọ́ gaara.”

Mo fọwọ́ sí i. Omi náà kán sínú ìgò kékeré, dókítà sì gbé e síbi fèrèsé. Láti kékeré ni mo ti ń wo omi eérú tí a fi ń pa aró. Mo mọ èyí tó dáa, mo mọ èyí tó ti bàjẹ́. Eléyìí rí bí omi tí wọ́n fi ṣan ìrẹsì. Mo ní kí wọ́n tètè fún un lábẹ́rẹ́, bí ẹni pé èmi kọ́ ni wọ́n ti ń bẹ̀ láti ọ̀sán.

Ó yè. Ṣùgbọ́n etí òsì rẹ̀ kò gbọ́rọ̀ mọ́. Dókítà ní kò sẹ́ni tó lè sọ bóyá wákàtí wọ̀nyẹn ló fà á. Mo bi í lẹ́ẹ̀mejì. Títí dòní, tí oníbàárà bá pè é ní ìsọ̀ wa tí kò dáhùn, wọ́n á ní ọmọ yìí mà lọ́rùn líle o. Èmi á dìde, màá gba apá ọ̀tún rẹ̀ lọ pè é. Mi ò tíì sọ fún un pé ọrùn tó le jù lọ́jọ́ yẹn, tèmi ni.