Ẹ̀rọ Olójú Méjì Ọ̀gá Bayúmì

"Ẹ dúúúró níbẹ̀ yẹn. Ẹ má mí."

Báyìí ni olóògbé Ọ̀gá Bayúmì ayàwòrán ṣe máa ń fi imú sọ̀rọ̀, bí ẹni tí ọ̀fìnkìn ń dà láàmú. Òkú Alájì Metiwálì elépo ló fẹ́ yà lọ́jọ́ kan, nítòsí ibi ìsìnkú ní Káírò. Àwọn tó gbé òkú sì ń sáré, torí Mùsùlùmí kì í fi òkú falẹ̀.

"Bayúmì, òkú kì í dúró de ayàwòrán," ni Jàbírù, olórí wọn, wí.

"Tẹ́ ẹ bá ń lọ, èéfín ni màá yà. Ojú méjì lẹ̀rọ mi ní, kò lẹ́sẹ̀. Ẹ ṣáà jẹ́ n ka ogún, kí ẹ̀rọ lè rí yín dáadáa."

Wọ́n dúró. Kò tíì ka márùn-ún tí obìnrin kan fi kígbe lójú fèrèsé pé òkú ló kọ̀ tí kò lọ. Ní Káírò, òkú tó bá tako àwọn tó gbé e, wọ́n á ní ẹni mímọ́ ni. Ká tó wí ká tó fọ̀, àwọn èèyàn ti ń fi ìborí nu pósí fún ìbùkún, wọn ò sì jẹ́ kí wọ́n sin ín títí di ìrọ̀lẹ́. Ọgbọ̀n ọdún ni Metiwálì fi bu omi lu epo. Ìṣẹ́jú kan ló fi di ẹni mímọ́.

Jàbírù búra pé òun ò ní dúró fún ẹ̀rọ mọ́ láyé.

Méjì-méjì ni Ọ̀gá Bayúmì ń lẹ àwòrán rẹ̀ mọ́ páálí. Téèyàn bá fi dígí olójú méjì wò ó, ṣe ni àdúgbò á dìde síwájú ẹ bíi kó wọlé síbẹ̀. Àáfà tó ń bú u ní mọ́sálásí torí àwòrán yíyà wá fi dígí wo àwòrán òkú kan lọ́jọ́ kan. Ó sún sẹ́yìn kí òkú lè ráyè kọjá.

"Bàbá, ẹ jẹ́ n ya ẹ̀yin náà," ni Sannúbà, ọmọ Ọ̀gá Bayúmì, máa ń bẹ̀ ẹ́.

"Ṣé mo ti kú ni?"

Ibà mú un, ọjọ́ mẹ́rin péré, ó kú. Kò sí àwòrán ojú rẹ̀ kan nílé, nínú gbogbo àwòrán òkú yẹn. Sannúbà gbé ẹ̀rọ síta, ó ní ó kéré tán, òun á ya pósí rẹ̀, tí wọ́n gbé fìlà rẹ̀ lé lórí.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Jàbírù, ogún péré."

"Mo ti búra, ọmọ mi. Bàbá ẹ ló fà á."

Wọ́n sáré kọjá.

Lọ́jọ́ kẹta, Sannúbà fi dígí wo àwòrán náà. Ògiri dúró dáadáa. Jàbírù, èéfín. Pósí, èéfín. Ṣùgbọ́n lójú títì, níwájú ẹ̀rọ gan-an, fìlà kan wà nílẹ̀ tó hàn ketekete, pẹ̀lú ibi tí òun fúnra rẹ̀ ti rán an. Eré tí wọ́n sá yẹn ló mú un já bọ́.

Fìlà náà dúró títí ogún fi pé. Kò mí. Sannúbà rẹ́rìn-ín títí omijé fi bo dígí.

"Sannúbà, wá gbé kọfí fún Bàbá Jàbírù. Má fi ṣúgà sí i o, ilé ọ̀fọ̀ nìyí," ni ìyá rẹ̀ ké sí i.

"Mò ń bọ̀, Màámi."